Ọrún Yèyé Kì í Ṣe Ọjọ́ Márùn-ún

Ọsibítù, Okitipupa.
Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ ọjà.

Morẹ́nikẹ́, àkọ́bí mi,

Jókòó kí o tó ka èyí. Yèyé wà láàyè. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́, torí ohun tó tẹ̀ lé e kò dùn ún gbọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, àwọn olè orí omi dá ọkọ̀ kan lọ́nà láàárín etí odò Akotogbo àti ọjà Èbúté Ọ̀pẹ. Ó ṣeé ṣe kí o ti kà á nínú ìròyìn tó ń wọlé sí ọ́fíìsì yín ní Àbújá: ọkọ̀ kan, èrò mọ́kànlá, wọ́n tú ẹ̀ńjìnnì lọ. Ọ̀kan nínú èrò mọ́kànlá yẹn ni ìyá mi. Wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún omi, omi sì ń fà wọ́n lọ sísàlẹ̀ títí ọkọ̀ fi lọ kọlu àwọn igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀, ó sì dojú dé. Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn apẹja tó yọ wọ́n. Egungun itan Yèyé ṣẹ́. Baba Tìmì, ọlọ́kọ̀ tó máa ń pè ọ́ ní "ìyàwó mi kékeré," kò tíì sí ẹni tó rí i títí di àárọ̀ yìí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń wá a.

Nígbà tí o pè lọ́jọ́ náà tí o ní kí n gbé fóònù fún Yèyé, mo ní ó ti sùn. Irọ́ ni. Yàrá tí wọ́n ti ń ya fọ́tò egungun ló wà. Mo sì ti kìlọ̀ fún gbogbo ará ilé kí ẹnikẹ́ni má pè ọ́. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Yèyé pa mọ́ fún ọ. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni mo sì ń sá fún. Bí mo bá ń gbọ́ ohùn rẹ, mi ò ní lè sọ ọ́ dópin. Ìdí nìyí tí mo fi fi fóònù sílẹ̀, tí mo gbé bírò.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ó yẹ kí ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ etíkun yín wà pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi, tí ìwọ kọ sínú ìwé, ló fà á. Mo sì ti mọ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí o pè mí láti ọ́fíìsì, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí o kọ ibi tó kan odò ilé wa nínú ètò ààbò etíkun ọlọ́dún mẹ́wàá iléeṣẹ́ yín? Inú rẹ ń dùn. Aṣọ sùtánà kan wà lábẹ́ máṣíìnì mi, ìyá tó ni ín dúró lé mi lórí bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀mí mi. O ní, "Màámi, ọjọ́ mélòó mélòó ni wọ́n ń ná ọjà Èbúté Ọ̀pẹ?"

Mo ní, "Ọrọọrún ni."

O ní, "Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún nìyẹn?"

Mo ní, "Ẹn-ẹn, ọrọọrún." O dúpẹ́, o pa fóònù. Mo padà sídìí sùtánà. Gbogbo rẹ̀ kò gbà tó ìṣẹ́jú kan.

Ọmọ mi, ọrún Yèyé kì í ṣe ọjọ́ márùn-ún. Èmi àti ìwọ lọ síléèwé, iléèwé sì kọ́ wa ní ọ̀nà mìíràn tí a fi ń ka ọjọ́, ó jẹ́ kí a gbàgbé ti ilé. Yèyé kò lọ. Bí Yèyé bá dúró lọ́jọ́ ọjà, ọjọ́ tó dúró sí yẹn gan-an ni ọ̀kan. Ọjọ́bọ̀ ọ̀kan, Ẹtì méjì, Àbámẹ́ta mẹ́ta, Àìkú mẹ́rin, Ajé márùn-ún: ọjà pé. Ọjọ́ Ajé yẹn kan náà ni yóò tún kà ní ọ̀kan. Lójú kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri ọ́fíìsì yín, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni. Ìwọ kọ márùn-ún.

Nítorí náà ni ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ fi dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ọjọ́bọ̀, tó bá àwọn ọlọ́jà, tí wọ́n jọ lọ jọ bọ̀, tí àwọn obìnrin kọrin dé ilé. Ìgbà kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dé; wọ́n ti nájà lánàá. Ìgbà kẹta, ọjọ́ Àìkú ló dé. Wọ́n ti nájà níjẹta. Wo ọ̀rọ̀ yẹn náà: ìjẹta. Ẹ̀ta ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì péré ló kọjá. Lójoojúmọ́ ni a ń sọ ọ́ lẹ́nu, a kò sì gbọ́ ohun tó ń wí. Bí ẹ̀ṣọ́ ṣe ń sún kúrò lára ọjà nìyẹn, ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta, títí ọjà ọjọ́ Ìṣẹ́gun fi dé, tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí omi àfi àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ Baba Tìmì.

Báwo ni mo ṣe mọ̀? Lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé ìgbà kejì yẹn, Yèyé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo kalẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ ọmọ rẹ wá lánàá o. Ewúrẹ́ mẹ́ta ni wọ́n bá létí odò. Wọ́n ní wọ́n kí àwọn ewúrẹ́ náà dáadáa, wọ́n bi wọ́n léèrè ilé."

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gé mọ́ mi lẹ́nu. Mo na ìka ọwọ́ mi sábẹ́ tábìlì, mo kà á lọ́nà ti Yèyé, mo kà á lọ́nà ti iléèwé. Wọn kò bára mu. Yèyé ní, "Kí ló ṣe ọ́?" Mo ní kò sí nǹkan kan. Ó ní bóyá epo ọkọ̀ wọn ló tán. Mo ní, "Bóyá."

Ó tún ku ọjọ́ Àìkú. O pè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. O ní, "Màámi, àwọn tó ń wa ọkọ̀ tún kọ̀wé pé àwọn ò bá ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá mi ní bóyá ọjà yẹn ti ń kú, kí a yọ ọ́ kúrò nínú ètò." Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Ó ti dé orí ahọ́n mi. Ni o bá ní, "Ṣùgbọ́n wọ́n yin iṣẹ́ mi. Wọ́n ní bí mo bá ń ṣe báyìí lọ, tí oṣù mẹ́fà ìdánwò yìí bá pé, wọ́n á gbà mí pátápátá." Mo pa ẹnu mi dé. Mo bi ọ́ bóyá o ti jẹun.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ọkọ̀ Yèyé dojú dé.

Wọ́n ní bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, ti ara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Èmi kò gbọn ti ara mi. Ìwọ ni mo gbọn iná kúrò lára rẹ, mo sì fi í sílẹ̀ lára ìyá tó bí mi. Mi ò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ náà.

Mo ti fẹ́ kọ lẹ́tà ìmọ̀ràn sí ọ láti ìgbà tí o ti gba iṣẹ́. Mo ti rò ó pé yóò jẹ́ lẹ́tà aláyọ̀, tí màá ti sọ fún ọ irú bàtà tó yẹ obìnrin ọ́fíìsì, àti irú ọkùnrin tó yẹ kí o sá fún ní Àbújá. Èyí ló padà di. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, kòtò tí èmi sì ti jìn sí kì í ṣe ọ̀kan. Jẹ́ kí n ka díẹ̀ nínú wọn fún ọ.

Èkíní. O mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí mo lóyún rẹ. Ohun tí o kò mọ̀ ni bí mo ṣe fi í pa mọ́. Súwẹ́tà Yèyé ni mo ń wọ̀ lórí yunifọ́ọ̀mù nínú ooru. Yèyé ní, "Kí ló dé tí o ń wọ súwẹ́tà bí ẹni tó ń gbé orí òkè?" Mo ní òtútù ń mú mi. Lábẹ́ súwẹ́tà yẹn, ọ̀já ni mo fi ń di ikùn mi pinpin ní àràárọ̀. Bàbá rẹ mọ̀, òun náà dákẹ́. Ọmọdé ni àwa méjèèjì, a rò pé ohun tí a kò bá sọ kò tíì ṣẹlẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni ó pé nígbà tí mo dákú lórí ìlà ní àárọ̀ ọjọ́ kan, níwájú gbogbo iléèwé. Nọ́ọ̀sì tó tú ọ̀já náà sunkún. Ó ní bí mo bá dì í bẹ́ẹ̀ díẹ̀ sí i, òkú méjì ni wọn ì bá gbé.

Yèyé kò lù mí. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí mo ṣe jókòó ti tirẹ̀ báyìí, ó ní, "Nígbà tó wà ní oṣù méjì, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ìwọ lo sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ọsibítù." Òun kan náà ló gbé ọ pọ̀n kí n lè padà lọ parí ìwé mẹ́wàá mi.

Ọmọ mi, ní Akotogbo, àṣìṣe wa ti di ọ̀rọ̀ ọsibítù. Ní gbogbo èbúté yòókù tó wà nínú ètò yín, ọ̀rọ̀ ẹnu ṣì ni. Sọ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu.

Èkejì, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Ọdún kejì tí mo ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ìjọ Aládùúrà kan gbé iṣẹ́ sùtánà ogún wá fún àwọn akọrin wọn, fún ọjọ́ ìkórè. Ọ̀gá mi rán mi lọ wọn gbogbo wọn. Òjò ń ṣú. Mo wọn ọmọbìnrin kan ṣoṣo, mo wo àwọn yòókù, mo ní ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n, mo sá wálé. Lọ́jọ́ ìkórè, àwọn kan ń fi sùtánà gbálẹ̀, orúnkún àwọn kan wà níta. Bàbá àgbà kan tí sùtánà bò lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ nà mí ní ọ̀pá, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o rò pé áńgẹ́lì ni wá, tí a kò ní ẹsẹ̀?"

Mo gbọ́ pé ohun tí ẹ ṣe ní odò wa lẹ fẹ́ fi ṣe àwòṣe fún gbogbo etíkun, láti ọ̀dọ̀ wa dé ibi tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Má rán sùtánà kan fún ogún ènìyàn. Ọjà wà tó jẹ́ ọrọọrún. Ọjà wà tó jẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án kẹsàn-án, mẹ́jọ sì ni ìyẹn lójú kàlẹ́ńdà. Àwọn tó ń gbé inú odò ń wo ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà. Àwọn tó ń gbé etí òkun ń wo afẹ́fẹ́. Àwọn Ìjọ̀ tó wà nísàlẹ̀ odò ní bí wọ́n ṣe ń ka tiwọn, kí o bi àwọn fúnra wọn, má jẹ́ kí ọmọ Ìkálẹ̀ bíi tèmi dá ọ lóhùn nípò wọn. Nígbà tí o bá sì ń bèèrè ọjọ́, má bèèrè iye. Sọ fún wọn pé kí wọ́n dárúkọ ọjọ́ ọjà mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn, kí ìwọ fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà. Bí o bá ti bi mí bẹ́ẹ̀ ni, à bá ti gbọ́ra yé.

Èyí tó kàn yìí ló ń dùn mí jù, mi ò ní fún un ní nọ́ńbà. O kò mọ igbá èkùrọ́ dáadáa, torí ìgbà tí o dàgbà, o ti wà níléèwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú ọgbà. Létí odò Akotogbo, igbá kan wà lórí àpótí nídìí igi. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ jáde lọ́jọ́ ọjà, èrò kọ̀ọ̀kan á ju èkùrọ́ kan sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá dé, olúkúlùkù á mú tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú tí èkùrọ́ kan bá ṣẹ́kù nínú igbá, kò sí ẹni tó ń lọ sílé. Ọkọ̀ á jáde láti lọ wá a. Wọn kì í sì í dá lọ. Ọkọ̀ mẹ́ta, mẹ́rin ni wọ́n máa ń tò tẹ̀ lé ara wọn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí mo fi igbá náà ṣe yẹ̀yẹ́. Baba Tìmì ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà. Ó ní kí n ju èkùrọ́ mi. Mo ní, "Ṣé ẹyẹ ni mí tí ẹ fi ń ka èkùrọ́ fún mi?" Mo bẹ́ sínú ọkọ̀ kan tó fẹ́ dá lọ ṣáájú, torí mo fẹ́ kọ́kọ́ ta pupuru tiwa. Ẹ̀ńjìnnì wa wọ inú koríko orí omi, kò jáde mọ́. Oòrùn pa wá láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé a wà lórí omi, torí kò sí èkùrọ́ wa nínú igbá. Baba Tìmì ló rí wa, ó ń bọ̀ láti ọjà. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ẹyẹ, o ti gbẹ?"

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ yín dé etí odò, ta ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé igbá náà kúrò? Èmi ni. Mo dúró láàárín àwọn obìnrin, mo fi ọ gbéraga. Mo ní, "Ọmọ mi ti bá wa ṣètò rẹ̀. Ìjọba ti dé, kí la tún fẹ́ fi èkùrọ́ ṣe?" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n gbé igbá náà lọ sílé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ Baba Tìmì nìkan ló dá lọ, kò sì sí ẹni tó fura pé kò dé ọjà títí oòrùn fi wọ̀. Òun tó fi igbá yẹn wá mi rí, kò sí igbá tí a ó fi wá òun.

Nítorí náà, bí o bá ń ṣètò ọlọ́dún mẹ́wàá, kọ́kọ́ bèèrè ohun tí àwọn ènìyàn fi ń ṣọ́ ara wọn kí ẹ tó dé. Kọ ọ́ síbẹ̀. Kí ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀, kí tiyín wá dúró tì í. Bí tiyín bá kùnà lọ́jọ́ kan, kí tiwọn lè gbé wọn dé ilé.

Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá fún ọ, torí òun ló mú kí n kọ lẹ́tà yìí lónìí dípò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo gun ọ̀kadà láti ilé wa ní Òde-Ìrèlè dé etí odò Akotogbo. Ọjọ́ Ẹtì ni, kò sí ọjà. Mo bá ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ yín níbẹ̀, ó ń dán. Ọ̀gá wọn, ọmọ Ìlọrin kan báyìí, jókòó lórí ọkọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ta lẹ ń retí?"

"Àwọn ọlọ́jà ni, màdámù. Òní ni ọjọ́ wọn."

"Ọ̀la ni ọjọ́ wọn, sà."

Ó yọ ìwé kan jáde nínú ọ̀rá, ó tẹ́ ẹ síwájú mi. "Ẹ wò ó. Òní ni wọ́n kọ." Mo wò ó. Orúkọ rẹ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, orúkọ tí mo fún ọ.

Mo bi í bóyá ó gbọ́ nípa ọkọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó dẹ́kun ẹ̀pà jíjẹ. "A gbọ́. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́. Wọ́n ní kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ wa ló ṣẹlẹ̀."

"Ṣé ẹ ò wá lè padà wá lọ́la?"

"Màdámù, ìwé ni mo ń tẹ̀ lé. Epo tó tó ọjọ́ kan ni wọ́n ń wọ̀n fún mi. Bí ìwé bá ní kí n wá ṣọ́ ewúrẹ́, ewúrẹ́ ni màá ṣọ́." Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹni tó kọ ìwé nìkan ló lè tún ìwé kọ. Kó sì tètè ṣe é. Ọjọ́rú ni àwọn ọ̀gá ń bọ̀ láti Àbújá láti wá fojú rí i, kí wọ́n tó buwọ́ lu ètò náà."

Ọjọ́rú. Mo dúró lójú kan náà, mo kà á. Òní Àbámẹ́ta ni ọjà; Ọjọ́rú ni ọjà tó tẹ̀ lé e. Lánàá ni ọjọ́ iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ọjọ́rú náà ni ó tún kàn. Ṣé o ti rí i? Lọ́jọ́rú, ọrún Yèyé àti ọjọ́ márùn-ún tìrẹ yóò pàdé, bí wọ́n ṣe pàdé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àwọn ọ̀gá yín á dé, wọ́n á bá àwọn obìnrin, epo, ẹja gbígbẹ, ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ níwájú, orin lẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ á dọ́gba. Wọ́n á yìn ọ́, wọ́n á buwọ́ lùwé. Láti ọjọ́ kejì, ó tún di sísún. Nínú ọjà márùn-ún, ẹ̀ṣọ́ á bá ẹyọ kan, mẹ́rin á wà fún àwọn olè. Èyí á sì wà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo èbúté tí ìwé náà bá dé.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn. Ojú rẹ á rí ọjọ́ dáadáa kan, ọkàn rẹ á sì sọ fún ọ pé bóyá kò bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohùn yẹn. Òun ló bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Mo mọ ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́. Oṣù mẹ́fà rẹ kò tíì pé. Wọ́n lè ní ẹni tí kò lè ka ọjọ́ ọjà kò yẹ kó máa ṣètò etíkun. Mo ti gbàdúrà lórí rẹ̀ pẹ̀lú omi ojú, n kò sì rí ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló ṣì í kà, má gbé gbogbo rẹ̀ lé mi lórí, má sì gbà á tán sórí ara rẹ. Sọ bí ó ṣe rí: o bèèrè, ìyá rẹ dáhùn, ẹ̀yin méjèèjì kò dúró ka ìka. Bí wọ́n bá ní kí o máa lọ sílé, máa bọ̀. Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Yàrá rẹ ṣì wà, máṣíìnì kejì ṣì wà.

Yèyé ń wò mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ti kọ oúnjẹ ọsibítù, ó ní pupuru lòun fẹ́, kí n má sì mú èyí tó dì gbagidi wá. Mo bi í pé, "Yèyé, ṣé kí n sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ yìí?"

Ó ní, "Bí o kò bá sọ ọ́, màá fi ẹsẹ̀ kan tó kù yìí fò dé Àbújá." Lẹ́yìn náà ó ní, "Sọ fún un pé mi ò bínú. Ṣùgbọ́n kó lọ kọ́ bí a ṣe ń ka ọjọ́. Ìwé tó kà, kò kà á débẹ̀ yẹn."

Ìròyìn kan ṣoṣo tó dára ni pé àwọn obìnrin ti gbé igbá padà sórí àpótí rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ọkọ̀ mẹ́rin ni wọ́n tò lọ. Wọ́n pè mí láìpẹ́ yìí pé gbogbo wọn ti dé, olúkúlùkù ti mú èkùrọ́ tirẹ̀. Èkùrọ́ kan ló ṣẹ́kù. Ti Baba Tìmì ni. Ìyàwó rẹ̀ ló jù ú sí i, wọ́n sì ní kò sí ẹni tó máa mú un.

Awakọ̀ kan láti gáréèjì wa ni màá fi lẹ́tà yìí rán. Ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ló yẹ kí ó dé ọwọ́ rẹ. Lọ bá ọ̀gá rẹ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Lẹ́yìn náà, jọ̀wọ́, fún mi lésì, ní ìwé tàbí lórí fóònù, ohunkóhun tó bá wù kí wọ́n sọ. Má jẹ́ kó kọjá ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí ọjà tún pé, kì í ṣe márùn-ún.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.